Bí Mo Ṣe Kọ́ Àtiwọ Abẹ́ Tábìlì

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ mi ní Jàpáànù ni pọ̀nmọ́. Ọmọkùnrin tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfúrufú fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó tẹrí ba fún mi, ó sì gbé e lọ síbi tí n kò ti rí i mọ́. Wọn kì í jẹ́ kí ẹran wọ ìlú wọn. Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ọmọ Bàrígà ni mí, mo mọ bí wọ́n ṣe ń pariwo padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi ọ̀wọ̀ gba pọ̀nmọ́ lọ́wọ́ èèyàn, kí lèèyàn fẹ́ sọ sí i? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Títí di òní, n kò mọ ohun tí mo dúpẹ́ fún.

Láti ìgbà tí mo ti dé ni ẹ̀yin ará Ladi-Lak ní Bàrígà ti ń dá mi dúró lójú ọ̀nà pé ṣé òótọ́ ni pé ilẹ̀ ń mì níbẹ̀. Òótọ́ ni, ó mì lójú mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò ṣeé sọ lórí ìdúró, torí náà ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Ẹni tí kò bá mọ̀ mí, ìwé ni mò ń dì ní Ṣómólú, láàárín àwọn atẹ̀wé. Rónkẹ́, àkọ́bí mi, òun àti Délé ọkọ rẹ̀ ló ń gbé ní Jàpáànù, ní ìlú kékeré kan lẹ́bàá òkun. Ó bímọ, ó ní kí n wá wẹ ọmọ. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tí ìyá àgbà kò bá nà lápá nà lẹ́sẹ̀ nínú omi gbígbóná, ọrùn rẹ̀ kò lè dá dúró dáadáa.

Ọjọ́ tí mò ń lọ, Bàbá Rónkẹ́ sìn mí dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó nawọ́ sí orí ilé wa, ó ní, "Kó o tó dé, àjà kẹta á ti dúró síbẹ̀ yẹn."

Ilé wa kò ju òkè kan ìsàlẹ̀ kan lọ. Àwa ń gbé lókè, Ìyá Sàídì àti àwọn ọmọ rẹ̀ háyà ìsàlẹ̀. Irin òpó yọrí síta lókè pátápátá láti ọjọ́ tí a ti kọ́ ọ. Ẹ mọ irin yẹn. Kò sí ilé tí kò ní i ládùúgbò wa. Àwa kì í parí ilé, a máa ń fi irin sílẹ̀ lókè kí àwọn ọmọ lè rí ibi gùn lọ. Tóbi, àbíkẹ́yìn wa, fẹ́ gbéyàwó, bàbá rẹ̀ sì ní kò sóhun tó máa gbé ọmọ òun lọ háyà ilé ní Ìkòròdú nígbà tí irin ń bẹ lókè. Mo ṣe àmín, mo wọkọ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ dìde

A máa ń sọ pé Yorùbá ló mọ èèyàn kí. Ẹ jẹ́ ká dín in kù díẹ̀.

Obìnrin kan ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rónkẹ́ tó ń jẹ́ Hárúkò. Orí rẹ̀ funfun, ó dàgbà jù mí lọ dáadáa. Ọjọ́ tó wá kí mi káàbọ̀, mo kúnlẹ̀ fún un bó ṣe tọ́. Bó ṣe rí mi, òun náà kúnlẹ̀, ó forí kanlẹ̀. Mo wò ó pé àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ forí kanlẹ̀ fún mi kí n máa wò, ni mo bá forí kanlẹ̀. Ó tún kan tiẹ̀ mọ́lẹ̀.

Rónkẹ́ ní, "Mọ́mì, ẹ dìde o. Tẹ́ ò bá dìde, kò ní dìde."

Mo ní, "Òun làgbà. Kó kọ́kọ́ dìde."

Délé ló wá gbé wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tó ti ibi iṣẹ́ dé.

Láàárọ̀ tí mo bá ń wẹ ọmọ, ọmọ á ké bó ṣe yẹ kó ké. Hárúkò gbọ́ ọ, ó wá béèrè bóyá ara ọmọ kò yá. Rónkẹ́ ṣàlàyé fún un, Hárúkò ní òun fẹ́ wò ó. Mo na ọmọ lápá, mo na án lẹ́sẹ̀, ó ń wò wá. Nígbà tí mo ju ọmọ sókè tí mo hán an, ó fi épíróònù rẹ̀ bojú. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ẹja wá, ẹja tútù tí wọ́n gé pẹlẹbẹ, tí iná kò kàn rárá. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń jẹ ẹ́. Mo kí i kú iṣẹ́, mo gbé ẹja wọ kíṣíìnì, mo fi ata àti iyọ̀ pa á, mo dín in. Ó jẹ nínú rẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń jẹ ẹ́, kò sì dáwọ́ dúró. Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn, láìgbọ́ èdè ara wa.

Ohun tó yà mí lẹ́nu nínú ilé Rónkẹ́ ni pé gbogbo nǹkan ni wọ́n dè. Wọ́n fi irin de kọ́bọ́ọ̀dù mọ́ ògiri, wọ́n de tẹlifíṣọ̀n, wọ́n de fíríìjì. Mo bi wọ́n bóyá olè pọ̀ ládùúgbò. Báàgì kan tún wà lẹ́nu ọ̀nà tí omi, bísíkíìtì àti tọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀. Mo rò pé Délé fẹ́ rìnrìn-àjò, mo sì ti ń ronú ohun tí n óò bá a dì kún un.

Típà tí kò kọjá

Lọ́jọ́ kan, à ń jẹun ọ̀sán, Hárúkò sì wà pẹ̀lú wa. Ṣíbí bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú kọ́ọ̀bù. Délé di tábìlì mú. Rónkẹ́ fi ara bo ọmọ. Hárúkò gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí wọ́n fi ń jẹun sílẹ̀, ó ń wo àjà. Ẹran adìẹ wà ní àwo tèmi, mo sì ń bá a lọ.

Nígbà tó dákẹ́, Rónkẹ́ ń wò mí. "Mọ́mì, ẹ ò mọ̀ ọ́n lára ni?"

"Kí ni?"

"Ilẹ̀ mì!"

Mo ní, "Èyí yẹn? Ṣé kì í ṣe típà ló kọjá ni?"

"Típà wo, Mọ́mì? Kò sí típà kankan níbí."

Mo yọjú lójú fèrèsé. Bàbá arúgbó kan ló wà lójú títì, ó di kẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú.

Inú mi dùn púpọ̀. Láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn, gbogbo nǹkan ni wọ́n ń kọ́ mi, títí kan bí wọ́n ṣe ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo wá rí ohun tí èmi náà mọ̀. Mo gbé àyà sókè, mo ní kí Rónkẹ́ túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Mo sọ fún wọn pé ní Ladi-Lak, típà oníyanrìn máa ń ti etí ọ̀sà bọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá sì ti ń kọjá ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wa ń mì báyìí. Omi á jó nínú ife. Àwòrán ìgbéyàwó wa ti já lára ògiri rí, a fi okùn dè é. Kò sẹ́ni tó ń di tábìlì mú. Àwa ti mọ́ra.

Mo dúró kí wọ́n kí mi. Délé wolẹ̀. Hárúkò sọ gbólóhùn kékeré kan, Rónkẹ́ kò sì tètè túmọ̀ rẹ̀.

"Kí ló wí?"

"Ó ní, ta ló ń sùn nísàlẹ̀?"

Mo ní Ìyá Sàídì ni, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Rónkẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Hárúkò tẹrí ba fún mi, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó wá kí ọlọ́fọ̀. Mo ní kí wọ́n bá mi sọ fún un pé kò tíì sẹ́ni tó kú. Rónkẹ́ kò túmọ̀ ìyẹn.

Awọ orí ògì

Mo bínú sí ọ̀rọ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Rónkẹ́ ń ro ògì tí mo gbé wá láti ilé, mo ní kó ṣàlàyé fún mi, kí ló dé tí ilẹ̀ tiwọn kì í jókòó jẹ́ẹ́.

Ó jẹ́ kí ògì tutù díẹ̀ títí awọ fi bo orí rẹ̀. Ó fi ṣíbí tẹ awọ náà, ó sán.

"Ẹ wò ó, Mọ́mì. Awọ yìí nilẹ̀ tá a dúró lé. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná gan-an. Ilẹ̀ ayé ò sì jẹ́ odindi, ó pín sí pẹlẹbẹ ńláńlá, gbogbo wọn ló sì ń sún. Kò yá o, bí èékánná ṣe ń hù ni. Ibi tí etí ọ̀kan ti kan etí èkejì ni wàhálà wà."

Ó mọ̀ pé ọmọ adìwé lòun, ó wá páálí méjì. Ó tì wọ́n mọ́ra lórí tábìlì. Ọ̀kan fẹ́ wọ abẹ́ èkejì, ó há, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ó ń tì í, ó ń tẹ̀. Lójijì ni páálí náà já fò, ó sì gbá agolo mílíìkì dànù.

"Bó ṣe fò yẹn ni ìmìtìtì ilẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òkun, omi lè ya wọ ìlú. Ibi tí pẹlẹbẹ bíi mélòó kan ti pàdé ni Jàpáànù jókòó sí."

"Àwa ńkọ́, ní Èkó?"

"Àárín páálí làwa wà, Mọ́mì. Etí ẹ̀ jìnnà sí wa. Kì í ṣe pé ilẹ̀ ò lè mì nílé rárá o, wọ́n ti mọ̀ ọ́n lára díẹ̀ láwọn ibì kan rí. Àmọ́ irú tibí yìí ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mọ̀ pé a kò ní í lè fara dà á, tó fi wá sáàárín páálí. Rónkẹ́ kò bá mi ṣe àmín.

Ó ní, "Tílẹ̀ ò bá mì, Mọ́mì, kí ló wá ń mi ilé wa?"

Mo ní típà ni. Ó ní típà ń kọjá níwájú ilé alájà rẹpẹtẹ láyé yìí, omi inú ife wọn kì í jó. Ó rán mi létí pé ilẹ̀ rírọ̀ ló wà lápá ọ̀dọ̀ wa lọ sí ọ̀sà, pé ilé òkè kan péré ni bàbá rẹ̀ sọ fún birikìlà lọ́jọ́ tí wọ́n ń fi ìpìlẹ̀ sọlẹ̀. Mo ní irin ń bẹ lókè. Ó ní, "Irin tó wà lókè ò mọ nǹkan tó wà nísàlẹ̀."

Ọjọ́ yẹn kan náà ni Hárúkò sọ fún wa ìdí tó fi béèrè ẹni tó ń sùn nísàlẹ̀. Nígbà tó wà lọ́mọdé, bàbá rẹ̀ kó amọ̀ sísun tó wúwo bo òrùlé ilé wọn, gbogbo àdúgbò ló wá wò ó, ó lẹ́wà. Ilẹ̀ mì. Òkè ilé náà kò fọ́, ṣe ló jókòó lé ìsàlẹ̀. Àwọn tó wà lókè kò tiẹ̀ nílò àtẹ̀gùn, ojú fèrèsé ni wọ́n gbà tí wọ́n fi fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń sùn nísàlẹ̀.

Ó sọ ọ́ tán, ó bu ẹja díndín sí i. Èmi ni n kò lè jẹun mọ́. Ojú Ìyá Sàídì ni mò ń rí.

Ọjọ́ tó mì gan-an

Mò ń wẹ ọmọ lọ́wọ́. Ó wà lórí itan mi, ọṣẹ bò ó. Gbogbo fóònù inú ilé figbe ta lẹ́ẹ̀kan náà, ariwo ìkìlọ̀ tí n kò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Kí n tó béèrè ohun tó dé, ilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èyí kì í ṣe ti típà. Ó ń gbé mi lọ, ó ń gbé mi bọ̀. Omi inú báàfù dà sílẹ̀ lápá ọ̀tún, ó dà sílẹ̀ lápá òsì.

Rónkẹ́ ń pariwo láti yàrá, "Abẹ́ tábìlì! Mọ́mì, abẹ́ tábìlì!"

Mo ṣe ohun tí ọmọ Bàrígà máa ń ṣe. Mo gbá ọmọ mọ́ra, mo sá jáde síta, mò ń ké "Ẹ gbà wá o!" Nílé, bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ìta là ń sá sí, gbogbo àdúgbò á sì jáde wá béèrè. Mo dé ìta, kò sẹ́nì kankan. Èmi àti ọmọ tó wà níhòòhò nìkan la wà lójú títì, wáyà iná ń fì lókè orí wa. Ìkòkò òdòdó kan já láti òkè, ó fọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo dúró gbọnrangandan. Ẹ̀rù bà mí tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ Jésù kò wá sẹ́nu mi mọ́.

Nígbà tó dáwọ́ dúró, Hárúkò jáde. Kò tẹrí ba lọ́jọ́ náà. Ó fi épíróònù rẹ̀ wé ọmọ, ó sì bá mi wí ní èdè rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Gbogbo rẹ̀ ló yé mi.

Kò pẹ́, bàbá oníkẹ̀kẹ́ ti tún ń kọjá lọ. Mo wọlé, mo fọwọ́ pa ògiri ilé Rónkẹ́ láti yàrá dé kíṣíìnì, mò ń wá ibi tó sán. N kò rí i. Kọ́ọ̀bù kan ló fọ́. Mo jókòó sílẹ̀, mo ronú kan ògiri tiwa ní Ladi-Lak, tí ìmìtìtì ilẹ̀ kankan kò kàn rí. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Tiwa ti lanu tipẹ́, aláǹgbá ti wọ ibẹ̀, wọ́n ti bímọ, wọ́n ti ní àrọ́mọdọ́mọ. Ohun tí a máa ń ṣe ni pé bí Kérésìmesì bá ti ń bọ̀, a ó rẹ́ sìmẹ́ńtì lé e, a ó sì kùn ún.

Mo pe Bàbá Rónkẹ́ lórí fóònù. Ó kí mi kú ewu, ó ní kí n máa bọ̀ nílé níbi tí ilẹ̀ ti ń dúró.

Mo ní, "Bàbá Rónkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá iṣẹ́ àjà kẹta yẹn dúró. Ẹ pe ẹnjiníà kó wá wo àwọn òpó ìsàlẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Torí pé ilẹ̀ mì ní Jàpáànù, kí n má kọ́lé ní Bàrígà? Sùnmọ́nù birikìlà ti ń kan pákó lókè. Tóbi ti mú ọjọ́ ìgbéyàwó. Ibo lo fẹ́ kí n kó ọmọ mi sí?"

Ìfẹ́ ọmọ ló ń sọ̀rọ̀, mo mọ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kó ṣòro láti bá a jà.

Hárúkò fi ìyókù àkókò mi kọ́ mi ní abẹ́ tábìlì. Èèyàn á wólẹ̀, á fi ọwọ́ kan bo orí, á fi ọwọ́ kejì di ẹsẹ̀ tábìlì mú, á sì dákẹ́. Orúnkún mi ń dún, tiẹ̀ náà ń dún. Ọjọ́ tí mò ń bọ̀ nílé, a tún kúnlẹ̀ fún ara wa. Èmi ni mo kọ́kọ́ dìde, torí ọkọ̀ òfúrufú kì í dúró.

Ilé

Mo dé Ladi-Lak, mo bá pákó lórí ilé wa, wọ́n ti to irin sórí rẹ̀. Sùnmọ́nù birikìlà dọ̀bálẹ̀ kí mi, ó ní ọjọ́ Sátidé lòun máa da kọnkéré. Bí mo ṣe gbé ẹrù sílẹ̀ ni típà kan kọjá. Ife dún. Mo di ara ògiri mú.

Bàbá Rónkẹ́ rí mi. Ó ní, "Ojú tó ti rí òkun, ọ̀sà ló wá ń bà á lẹ́rù?"

Mo bẹ̀ ẹ́, kò gbọ́. Mo pe Tóbi sí i, ó ní bí Dádì bá ṣe wí ni. Mo wá rí i pé ẹnu mi kò ká a. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá Ìyá Sàídì, mo sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n Hárúkò fún un. Bí típà ṣe ń bọ̀ láti kọ̀rọ̀, mo wólẹ̀, mo wọ abẹ́ tábìlì rẹ̀, mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú.

Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ṣe, ó nawọ́ sí òpó kan. Ó ní, "Ìyá Rónkẹ́, òpó tó wà nígun yẹn máa ń dún o. Mo rò pé bí ilé ṣe ń ṣe nìyẹn ni." Típà tó tẹ̀ lé e, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ bá mi lábẹ́ tábìlì.

Bí mo ṣe di ará ìsàlẹ̀ nìyẹn. N kò gòkè lọ́sàn-án mọ́. Àwọn aládùúgbò ń yọjú, wọ́n ní Jàpáànù ti dà mí lórí rú. Oúnjẹ Bàbá Rónkẹ́ wà lọ́wọ́ mi nísàlẹ̀, nígbà tó sì ti retí rẹ̀ títí, ó sọ̀kalẹ̀ wá. Láti ọjọ́ tí a ti fi yàrá yẹn háyà, kò wọ ibẹ̀ rí.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo èmi àti Ìyá Sàídì àti àwọn ọmọ lábẹ́ tábìlì. "Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀? Ẹ ń dójú tì mí o."

Típà ń bọ̀. Ó gba iwájú ilé kọjá, òpó igun yẹn sì dún, kò dún sókè, bí ìgbà tí arúgbó bá ń dìde lórí ìjókòó. Eruku sìmẹ́ńtì já láti àjà sórí fìlà Bàbá Rónkẹ́. Ó ṣí fìlà, ó wò ó. Ó rìn lọ síbi òpó, ó fọwọ́ lé e.

"Láti ìgbà wo lèyí ti ń dún báyìí?"

Ìyá Sàídì ní, "Ó ti pẹ́, Dádì. Ẹ ò wá síbí rí ni."

A tún gbọ́ típà mìíràn láti kọ̀rọ̀, ẹrù tiẹ̀ wúwo. Bàbá Rónkẹ́ wo òkè, níbi tí pákó àti irin wà. Ó wo ọmọ Ìyá Sàídì tó kéré jù, tó gbá ẹsẹ̀ tábìlì mọ́ra. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, orúnkún rẹ̀ ń dún ju ti Hárúkò lọ.

Ó ní, "Sún díẹ̀."

Mo sún. Típà kọjá. Ó wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa, ó fi fìlà bo orí ọmọ náà. Kò jáde nígbà tó dákẹ́. Ó yọ fóònù rẹ̀ lápò lábẹ́ tábìlì níbẹ̀.

"Sùnmọ́nù, má da kọnkéré kankan ní Sátidé. Wá kó pákó ẹ bọ̀ sílẹ̀. Tó o bá ń bọ̀, mú ayùn irin dání."

Ẹnjiníà ti dé, ó ti wò ó, wọ́n ń fi irin àti kọnkéré tuntun wé àwọn òpó ìsàlẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní kí gbogbo wa jáde títí yóò fi parí. Ìyá Sàídì wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ọbáníkòró. Tóbi háyà ilé ní Ìkòròdú, àwa náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú òun àti ìyàwó tuntun, ó sì ń kí wa dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń gba Ladi-Lak kọjá, ẹ gbójú sókè wo orí ilé wa. Kò sí irin níbẹ̀ mọ́. Ilé wa ti parí.